Kí Oòrùn Tó Gba Gíláàsì Wọlé

Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú gan-an, ọ̀pọ̀ awakọ̀ n'Ìbàdàn máa ń sọ fèrèsé ọkọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kí ooru lè ráyè jáde. Èrò náà dára, àmọ́ kò tó. Lọ́dún 2005, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford l'Amẹ́ríkà gbé èsì ìwádìí jáde pé láàárín wákàtí kan péré, ooru inú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn fi nǹkan bíi 22°C lé sí i, fèrèsé tí wọ́n ṣí díẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín in kù. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń gba gíláàsì wọlé. Dáṣíbọ́ọ̀dù àti ìjókòó á fà á mu, á wá di ooru tí kò rọ́nà lọ. Ojú gíláàsì gan-an ló yẹ ká ti dá a dúró, ká fi páálí tó ń dán bíi dígí bo gíláàsì iwájú.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí ẹ̀rọ amúlétutù wà? Ara èèyàn nìyẹn ń tù. Kò lè lẹ dáṣíbọ́ọ̀dù tó ti sán pọ̀. Gíláàsì tíńtẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Òfin ọdún 1991 ń bẹ lórí ìyẹn, ìwé àṣẹ sì ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ béèrè. Abẹ́ igi dára, bí ẹyẹ ò bá ní gbowó ìgbọ́kọ̀sí lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ má gbàgbé gíláàsì ẹ̀gbẹ́: ìtànṣán tó ń mú àwọ̀ ìjókòó ṣá máa ń gba ibẹ̀ wọlé ju ti iwájú lọ. Nítorí náà, ẹ tẹ́ aṣọ funfun lé ìjókòó.