Ẹ̀tọ́ Òṣìṣẹ́ Ní Ayé Ẹ̀rọ

Bismillahi Rahmani Rahimi. Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.).

Ẹ̀yin ará mi nínú Islam, ẹ̀sìn wa kò bá ẹ̀rọ jà. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ni Ó mú irin rọ̀ fún Ànábì Dawud (A.S.), tí Ó sì pàṣẹ kí ó fi ṣe ẹ̀wù ogun (Suuratu Saba', 34:10-11). Ìbéèrè tiwa ni pé: bí ẹ̀rọ bá mú èrè wá, ta ni ń jẹ ẹ́? Bí ọ̀wọ́n bá dé, ta ni ń rù ú?

Ẹ wo ìlú Kaduna tí a wà yìí. Ní ọdún 1957 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textile Limited sílẹ̀. Iná mànàmáná kò dúró, epo wọ́n, aṣọ olówó pọ́ọ́kú sì ń ti òkèèrè wọlé. Ó kógbá wọlé ní 2002; United Nigerian Textiles náà dáwọ́ dúró ní 2007. Ẹni tí kò ní ju ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lọ ni òfò náà kọ́kọ́ bà.

Lónìí, ẹ̀rọ ti wọ ṣọ́ọ̀bù àwa náà. Èyí tí ń lo kọ̀ǹpútà ń fi wákàtí díẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọnà agbádá tí ọwọ́ ń fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọ̀gá ra ẹ̀rọ, kí ó lé òṣìṣẹ́ láìsan owó tí ó jẹ ẹ́, kí ó sì fi àìríṣẹ́ dẹ́rù ba àwọn tí ó kù láti gé owó wọn. Nínú hadiisi tí Bukhari gbà wá, ẹni tí ó gba iṣẹ́ pé tí kò san owó rẹ̀ wà lára àwọn mẹ́ta tí Ọlọ́hun yóò bá ṣe ẹjọ́ ní Ọjọ́ Àjíǹde.

Ní 2024, òfin gbé owó oṣù tí ó kéré jù lọ láti 30,000 náírà sí 70,000. Bí ẹni mẹ́fà bá ń jẹ nínú rẹ̀, kò tó 400 náírà lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Suuratul Kahf (18:79) pe àwọn tí ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́ ní miskin, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní ọkọ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ pé ẹni tí ó níṣẹ́ lọ́wọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí sàká. Bí owó rẹ̀ kò bá ká àìní ilé rẹ̀, ó ní ìpín níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá má ṣe fi sàká san gbèsè owó iṣẹ́. Sàká lọ́tọ̀, ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ san án kí òṣùpá ọdún tó yọ. Ẹ kọ́ ọmọ iṣẹ́ yín ní lílo ẹ̀rọ náà kí ẹ tó ronú láti lé e. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ má ṣe fi iṣẹ́ rẹ́ni jẹ.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa. Aamin.