Ojúṣe Àgbà Lórí Ẹ̀kọ́ Ọmọdé

  

  

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fún mi sọ bá oṣù yìí mu, nítorí pé inú Rámádáánì ni Alùkùránì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, àṣẹ kíkà sì ni ó kọ́kọ́ sọ̀. Ó bá ibùgbé wa mu pẹ̀lú. Ekosodin tí a wà yìí, ògiri ni ó là á kúrò lára Yunifásítì Benin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ tí a bí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri náà ni yóò gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé. Ohun tí yóò mú ọmọ wọ ibẹ̀, ilé ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́wàá.

1. Ọmọ jẹ́ ohun tí a fi sí ìkáwọ́ wa

Nínú Suratu Tahrim, àáyà kẹfà, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún onígbàgbọ́ kí ó dáàbò bo ara rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀. Òfin ìlú náà kò dákẹ́: òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 sọ ọ́ di dandan fún òbí láti rí i pé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìpele àkọ́kọ́ ti girama, kí ó sì parí wọn.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé bí a bá ti san owó ilé ìwé, tí a ra báàgì àti bàtà, ojúṣe ti parí. Ẹ jẹ́ kí a wo Luqman tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ Súrà kan. Kò rán ẹnikẹ́ni sí ọmọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó jókòó tì í, ó fi orúkọ ìfẹ́ pè é, ó bá a sọ̀rọ̀ Ọlọ́hun, ó bá a sọ̀rọ̀ ìrun, ó sì bá a dé orí bí a ti ń rìn àti bí a ti ń rẹ ohùn sílẹ̀. Ó sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún un pẹ̀lú. Ẹnu bàbá ni ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ọmọ náà. Olùkọ́ ní wákàtí mẹ́fà tàbí méje lójúmọ́. Àwa ni a ni ìyókù. Ilé ni a sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

2. Èdè ilé kì í ba ẹ̀kọ́ jẹ́

Àwọn òbí kan lára wa ti fi Yorùbá sílẹ̀ nínú ilé, wọ́n ní kí Gẹ̀ẹ́sì ọmọ má baà bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ifẹ̀.

Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí à ń pè ní Obafemi Awolowo lónìí, bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, Mùsùlùmí ọmọ Èkó tí ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní ọdún 1990, ni ó ṣáájú iṣẹ́ náà. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọ̀wọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko. Olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Ọ̀wọ́ kejì gba ọ̀nà tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ní ọdún 2025, wọ́n kéde pé a ti fagi lé e. Yálà ó dúró tàbí kò dúró, àwa tí a wà ní ilẹ̀ Ẹ̀dó kò lè retí pé ilé ẹ̀kọ́ ìhín yóò fi Yorùbá kọ́ ọmọ wa. Èdè Ẹ̀dó ni èdè onílẹ̀, ó sì yẹ kí ọmọ wa bọ̀wọ̀ fún un. Nítorí náà, iṣẹ́ ilé ni Yorùbá. Ìyá tí ó mọ òwe, tí ó mọ ìtàn, tí ó wá ń fi ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbọ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀, oúnjẹ ṣíbí kan ni ó ń bù fún ọmọ, bẹ́ẹ̀ ìkòkò rẹ̀ kún.

3. Òbí tí kò mọ̀wé náà lè ṣe é

Ẹ má ṣe sọ pé ẹ kò kàwé. Ẹ ní kí ọmọ ka ojú ìwé kan sí yín létí lálaalẹ́, kí ó sì fi Yorùbá túmọ̀ rẹ̀. Bí kò bá lè túmọ̀ rẹ̀, kò tíì yé e. Ẹ ní kí ó bi olùkọ́ lọ́la. Ẹ jẹ́ kí ó bá yín ṣírò owó ọjà àti ṣéńjì. Ẹ pa àlọ́ fún un. Ẹ lọ rí olùkọ́ rẹ̀ kí ìdánwò tó dé. Bí ọmọ bá ṣì í, ẹ bi í bí ó ti rò ó kí ẹ tó bá a wí, nítorí ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kì í béèrè ọ̀rọ̀.

Nínú oṣù yìí, ẹ má ṣe fi dandan mú ọmọ tí kò tíì bàlágà gba àwẹ̀ tí agbára rẹ̀ kò ká. Àwọn sàábé a máa fi àwẹ̀ Áṣúrà kọ́ àwọn ọmọ wọn. Bí èyíkéyìí bá ń sunkún oúnjẹ, wọn a fún un ní ohun ìṣeré tí a fi irun àgùntàn ṣe títí ìṣínu yóò fi dé. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ọmọ tí yóò jí jẹ sààrì kí ó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí ó tètè sùn, kí ẹ sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

4. Èsì ìdánwò tí a fowó rà

Ọ̀rọ̀ yìí korò, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Àwọn òbí kan ń gbààwẹ̀, wọ́n sì ń sanwó kí a lè bá ọmọ wọn kọ ìdánwò. Kí ni ọmọ náà kọ́ lọ́wọ́ wọn? Ó kọ́ pé irọ́ ni a fi ń là, àti pé òbí òun kò gbà pé òun lè ṣe é. Ọmọ tí ó gba òdo, tí ó tún ìdánwò ṣe, sàn ju ẹni tí ó wọ yunifásítì tí kò lè ka ìwé tí wọ́n gbé fún un. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

5. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àárín wa

Inú Rámádáánì ni ogun Badr wáyé, ní ọdún kejì Hijra. Nínú àwọn ará Mẹ́kà tí a mú lógun, àwọn kan kò ní owó ìràpadà. Ànábì (SAW) ní kí àwọn tí ó mọ̀wé kọ lára wọn fi kíkọ́ àwọn ọmọ Mẹ̀dínà ní ìwé kíkọ ra ara wọn padà. Abọ̀rìṣà ni àwọn olùkọ́ náà, ọ̀tá sì ni wọ́n, síbẹ̀ a gba ìmọ̀ lọ́wọ́ wọn fún àǹfààní àwọn ọmọdé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì kì í ṣe ẹrú ogun, ọmọ wa ni yín. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ọmọ mẹ́ta, kí ẹ bá wọn kàwé fún wákàtí kan lẹ́yìn ìrun Asri lọ́jọ́ Sátidé àti Sunday. Kí ẹgbẹ́ pèsè bẹ́ǹṣì, ìwé àti ṣọ́ọ̀kì. Kí àwọn ìyá fún àwọn olùkọ́ náà ní ìṣínu. Bí ààwẹ̀ bá sì parí, kí ó má ṣe parí pẹ̀lú rẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ó wúlò fún àwọn ọmọ wa, kí Ó fún wa ní sùúrù láti tọ́ wọn, kí Ó má ṣe jẹ́ kí a kó àbámọ̀ lórí wọn. Kí Ó ṣàánú àwọn tí ó kọ́ àwa náà. Àmín.