Adití Inú Sínágọ́gù

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé àwọn Júù gbọ́dọ̀ pé mẹ́wàá kí wọ́n tó lè gba àwọn àdúrà kan pọ̀? Bí mẹ́sàn-án bá jókòó, tí adití tó tún yadi ṣe ìkẹwàá, òfin àtijọ́ kò kà á kún wọn. Ọmọdé àti aṣiwèrè ni ó kà á mọ́. Bẹ́ẹ̀, afọ́jú ni Rábì Sheshet, àgbà amòfin wọn ní Bábílónì! Ní ọdún 2011, ìgbìmọ̀ òfin ìjọ Júù Conservative ní Amẹ́ríkà pinnu pé kí a máa ka adití tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ mọ́ ìkẹwàá. Àní láàrin àwọn tó gbọ́ èdè ọwọ́, ó lè dúró níwájú kí ó ṣáájú àdúrà.