Ológò Inú Àkáǹtì

 

Láyé àtijọ́, bí gbèsè bá pẹ́ lọ́rùn ẹni, olówó a rán ológò sí i. Ológò a wọlé, a jókòó ti onígbèsè, a máa pa á ládìyẹ jẹ, a máa pariwo rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò, títí ará ilé yóò fi sá sókè sódò wá owó san. Lẹ́yìn èyí ni àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà bẹ̀rẹ̀ sí tajà àwìn káàkiri. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà, wọn kò ní dìde àfi bí owó bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń pè wọ́n ní Òṣómàáló. Lóde òní, ológò kì í sábà jókòó sí ìloro mọ́. Inú àkáǹtì ni ó ń bá ni jókòó.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tó ń ta gàrí ní ọjà Kábà ṣe àpẹẹrẹ. Ó dé báǹkì, wọ́n ní owó rẹ̀ ń bẹ ṣùgbọ́n kò ṣeé gbà. Owó èésú ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Kí ó tó figbe ta, ìbéèrè kan ni kí ó bi wọ́n: ta ni ó tì í, àṣẹ wo ni ó sì fi tì í?

Ó lè jẹ́ àṣẹ ilé-ẹjọ́. Lábẹ́ òfin Sheriffs and Civil Process, olówó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìdájọ́. Lẹ́yìn náà ni adájọ́ lè pàṣẹ onígbà díẹ̀ pé kí báǹkì dá owó náà dúró. Ìwé àṣẹ yìí gbọ́dọ̀ tẹ báǹkì àti onígbèsè lọ́wọ́, ó kéré tán, ní ọjọ́ 14 ṣáájú ìgbẹ́jọ́. Ọjọ́ náà ni ọjọ́ ọ̀rọ̀. Bí ìyá yìí bá ti san gbèsè, kí ó mú ẹ̀rí wá. Bí owó náà bá jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ jáde wí tẹnu wọn. Bí kò bá sí ẹni tó fọhùn, àṣẹ onígbà díẹ̀ lè di àṣẹ pátápátá, kí báǹkì sì kówó fún olówó.

Ó sì lè jẹ́ ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Ògún ọdún 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti fi ètò GSI lélẹ̀. Ẹni tó bá yáwó báǹkì a fọwọ́ sí i pé, bí òun kò bá san án, kí wọ́n wá a lọ sínú àkáǹtì òun ní báǹkì mìíràn. BVN ni ó so gbogbo wọn pọ̀. Ojúlówó owó àti èlé nìkan ni wọ́n lè gbà báyìí, kì í ṣe owó ìtanràn. Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la: kí a ka ìwé kí a tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ayánilówó orí fóònù tó kàn ń halẹ̀, tó ń ránṣẹ́ ìtìjú sí ẹbí àti ọ̀rẹ́, kò lè fi ẹnu lásán ti àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2022, àjọ FCCPC ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn ní Ìkẹjà, nítorí irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún náà ni ó là á sílẹ̀ pé kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀.

Nítorí náà, kí onígbèsè béèrè ẹ̀dà ìwé àṣẹ, kí ó yẹ orúkọ àti iye owó inú rẹ̀ wò, kí ó sì tètè wá agbẹjọ́rò. Kí ó lọ bá olówó, kí wọ́n kọ ìwé àdéhùn bí yóò ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀. Kí owó ẹgbẹ́ sì ní àkáǹtì tirẹ̀, kí gbèsè ẹnì kan má baà di ẹkún ogún ènìyàn.

Ẹni tó sá fún ológò ìgbà náà, ilé ni ó padà bá a. Ti òde òní kò yàtọ̀.