Ọgbà Àlọ́ ní Ìlú Oakland

Ọ̀rọ̀ àlọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n n kò ní í pa àlọ́ fún yín. Ibì kan ni mo fẹ́ mú yín lọ, níbi tí àwọn ará ìlú ti kọ́ ilé fún àlọ́, tí wọ́n sì fi ọgbà yí i ká, tí bàbá, ìyá àti ọmọ lè wọ ibẹ̀ ní òwúrọ̀, kí wọ́n sì fi ojú rí ohun tí etí wọn ti ń gbọ́ tipẹ́tipẹ́.

Children's Fairyland ni orúkọ ibẹ̀. Ìlú Oakland ni ó wà, ní ìpínlẹ̀ California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, létí adágún omi kan tí wọ́n ń pè ní Lake Merritt. Arthur Navlet, ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títa òdòdó àti igi gbígbìn, ni ó kọ́kọ́ ronú kan ọgbà náà. Ó ti rí ọgbà ẹranko kékeré kan tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé ní ìlú Detroit, tí wọ́n fi ohun inú ìtàn ọmọdé ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà tí ó padà dé ilé, ó ní ìlú tòun náà gbọ́dọ̀ ní irú rẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú kan lọ, Lake Merritt Breakfast Club, ẹgbẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí wá owó. Ní ọjọ́ kejì oṣù September, ọdún 1950, wọ́n ṣí ọgbà náà. Walt Disney pàápàá wá wò ó, kí ó tó di pé ó ṣí Disneyland tirẹ̀ ní ọdún 1955.

William Russell Everritt ni ó ya àwòrán àwọn ilé inú rẹ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ má jẹ́ kí ògiri wọn tọ́. Ògiri wọ́, òrùlé tẹ̀, àwọ̀ sì ń tàn yanran lójú, bí ìgbà tí ọmọdé bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ilé sórí ìwé. Òfin kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà tí ó yẹ kí ẹ gbọ́: àgbà kò lè wọlé bí kò bá mú ọmọdé lọ́wọ́, ọmọdé kò sì lè wọlé bí kò bá sí àgbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ fi òfin náà sọ́kàn, nítorí mo ń bọ̀ wá bá a.

Nígbà tí èmi àti aya mi ń gbé ní agbègbè náà, ìyá mi wá kí wa láti Ìbàdàn. Ní ọjọ́ Sátidé kan, a bu ìrẹsì àti dòdò sínú abọ́, gbogbo wa sì gbéra. Ọmọ méjì ni ó wà pẹ̀lú wa: obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún.

Inú bàtà ńlá kan ni ènìyàn ń gbà wọlé, bàtà ìyá arúgbó kan tí ìtàn àwọn òyìnbó sọ pé inú rẹ̀ ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò lóǹkà ń gbé. Ìwọ̀n ọmọdé ni wọ́n ṣe ọ̀nà náà. Àwọn ọmọ sáré wọlé fàà; àwa àgbà ní láti bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi di gèlè rẹ̀ mú, ó ní, “Ẹ wò mí o! Èmi tí ọmọ ń kúnlẹ̀ fún, bàtà ni mo wá ń tẹrí ba fún yìí.” Ẹ̀rín pa gbogbo wa.

Nínú ọgbà, a rí ihò tí Alice inú ìtàn gbà dé ilẹ̀ àrà. A rí ẹja àbùùbùtán tí ó la ẹnu sílẹ̀. A wo eré àwọn ọmọlangidi, nínú ilé eré kan tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1956. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù ni kọ́kọ́rọ́.

Ní ọdún 1958 ni Bruce Sedley, ẹni tí ń ṣe ètò àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n, dá ọgbọ́n kọ́kọ́rọ́ yìí. Àpótí wà káàkiri ọgbà náà. Bí ọmọ bá ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpótí, tí ó sì yí i, àpótí yóò sọ̀rọ̀. Kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ kì í bàjẹ́ níbẹ̀: èyí tí ìyá fi ṣí àpótí nígbà tí ó wà ní kékeré, ọmọ rẹ̀ lè mú un wá lónìí, yóò sì ṣí i.

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀lẹ òbí ni irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà fún. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. A dé ibi àwọn òbúkọ mẹ́ta, ọmọ ìyá kan náà, tí wọ́n fẹ́ gba orí afárá kọjá, tí iwin kan sì lúgọ sí abẹ́ afárá láti pa wọ́n jẹ. Èyí tí ó kéré jù bẹ iwin pé kí ó má jẹ òun, nítorí ẹ̀gbọ́n òun tí ó sanra ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọmọkùnrin wa kọjú sí wa, ó ní, “Kí ló dé tí ó fi ní kí wọ́n jẹ ẹ̀gbọ́n òun?” Àpótí kò lè dá a lóhùn, nítorí ohun tí wọ́n ti gbà sínú rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀. Ìyá mi ni ó dáhùn: “Ó mọ̀ pé ìwo ẹ̀gbọ́n òun gùn. Ẹni tí ó lẹ́ni lẹ́yìn kì í bẹ̀rù iwin.” Ọmọ náà ronú sí i, ó sì mi orí. Ìdí tí òfin ẹnu ọ̀nà fi dára nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ lè ṣí ìtàn, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ìtàn bá bí, ẹnu àgbà ni ọmọ ń wò.

Lẹ́yìn èyí ni a dé ìdí ẹ̀rọ kan tí ń gbé àwọn ọmọdé yípo, tí wọ́n sọ ní orúkọ Anansi. Anansi ni aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ inú àlọ́ àwọn Akan ti ilẹ̀ Ghana. Àwọn tí a kó lẹ́rú ni ó gbé ìtàn rẹ̀ dé Jamaica àti àwọn erékùṣù ìtòsí rẹ̀. Ọmọbìnrin wa wo ẹ̀rọ náà títí, ó wá bi ìyá mi pé, “Màmá Àgbà, ilé Ìjàpá ńkọ́? Níbo ni wọ́n kọ́ ọ sí?”

Ìyá mi ní, “Ẹnu mi ni ilé rẹ̀. Ẹ jókòó.”

A jókòó sórí koríko. Ó pa àlọ́ Ìjàpá tí ó jí ẹ̀bẹ gbígbóná nílé àna rẹ̀, tí ó dà á sínú fìlà, tí ó sì dé e mọ́rí, tí ó fi di apárí títí di òní. Ó dá orin, àwọn ọmọ gbè é. Ọmọ òyìnbó méjì wá dúró tì wá, ọmọbìnrin wa sì ń túmọ̀ fún wọn. Nígbà tí ó dé orí “àna”, ó dúró. Kò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó dúró nígbà tí ó dé orí “ẹ̀bẹ”. Ìyá mi ṣe àlàyé, ọmọ náà túmọ̀ rẹ̀, àlọ́ sì ń bá a lọ. Ọ̀rọ̀ méjì wọ ilé wa ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, kò sì jáde mọ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, Ìjàpá ti rin ìrìn àjò tí ó jìn ju èyí lọ. Ní ọdún 1971, obìnrin ará Cuba kan, Lydia Cabrera, tẹ ìwé àlọ́ kan jáde nípa ìjàpá. “Ayapá” ni ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìwé náà. Ìjàpá tiwa ni, tí ẹnu àwọn baba ńlá àti ìyá ńlá gbé sọdá òkun. Ẹrú ni wọ́n, wọn kò ní ilé, wọn kò ní ọgbà, síbẹ̀ wọ́n pa àlọ́ fún ọmọ wọn, ọmọ sì pa á fún ọmọ tirẹ̀.

Kí ni àwa yóò wá sọ pé ó dí wa lọ́wọ́? Bí a bá rí owó kọ́ ọgbà àlọ́ sí ìlú wa, ó dára púpọ̀. Kí a tó rí i, ẹ̀yin olùkọ́, igun kan wà nínú ọgbà ilé-ìwé yín, amọ̀ sì wà tí àwọn ọmọ lè fi mọ Ìjàpá àti Yánníbo aya rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ mú alẹ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, kí ẹ pa rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì pa àlọ́ kan. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má dúró dè wọ́n. Ní alẹ́ òní, ẹ lọ bá àgbà tí ó wà nílé, kí ẹ ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa àlọ́ kan fún wa.” Bí ó bá pa á tán, kí ẹ bi í ní ìbéèrè, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀yin náà yóò di àgbà, ọmọ kan yóò sì bi yín léèrè ilé Ìjàpá.

Ó dìgbà kan ná o.