Iyùn Tó Pọ́n Látinú Wá àti Iyùn Tí Wọ́n Pa Láró

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ bá wa sọ níbi àjọ̀dún

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n sọ nípa òwò mi, kí n má sì pẹ́ jù nítorí oúnjẹ ti jinná. Mo ti gbọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ni òwò mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Iyùn ni, àti péálì díẹ̀. Ìdí tí mo fi mú un ni pé owó ẹgbẹ́ wa wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń gba ẹ̀yáwó láti fi ra iyùn tí wọ́n á máa fi háyà fún ìyàwó ọ̀ṣìngín ti ń pọ̀ láàárín wa. Bí ẹnì kan bá gba ẹ̀yáwó, tó fi ra iyùn tí wọ́n pè ní ojúlówó fún un, tí àwọ̀ iyùn náà sì ṣá láàárín oṣù mẹ́ta, gbèsè ò ní bá a ṣá. Àwọn onídùúró tó fọwọ́ sí ìwé fún un náà á jẹ nínú ẹ̀.

Kí ni iyùn gan-an? Àwọn kan ní òkúta ni, àwọn mìíràn ní igi inú òkun ni nítorí pé ó ní ẹ̀ka. Kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe igi. Egungun ni. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké kan wà lábẹ́ òkun tí wọ́n ń kọ́ ọ pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ohun tí wọ́n sì fi ń kọ́ ọ ò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tó wà lára ìkarahun ìgbín. Iyùn pupa tí àwọn baba wa mọ̀, láti inú Òkun Mẹditaréníà ló ti ń wá, ní ìhà Ítálì, Tùnísíà àti Àlùjíríà. Àwọn Pọtogí wà lára àwọn tó ń fi ọkọ̀ òkun kó o wá sí Bìní látijọ́. Ẹni tó bá ti rí aṣọ oyè Ọba Bìní mọ ohun tí mò ń sọ. Títí di òní, ìlú kan wà ní Ítálì tó ń jẹ́ Torre del Greco, nítòsí Naples, tó jẹ́ pé iṣẹ́ iyùn ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n. Láti ọdún 1878 ni wọ́n ti ní ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń fín iyùn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nípa iyùn yẹn. Kì í tètè sanra. Ní odindi ọdún kan, ìbú rẹ̀ kì í fi mìlímítà kan péré pọ̀ sí i. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tó tóbi tó orí àtàǹpàkò, ẹ mọ̀ pé ẹ̀ka tí wọ́n gé e lára ti pẹ́ nínú òkun ju ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ wa níbí lọ. Ẹ wá sọ fún mi, báwo ni ẹnì kan ṣe máa kó ọgọ́rùn-ún irú ẹ̀ sínú báàgì, tí gbogbo wọn pọ́n bákan náà, tí wọ́n tóbi bákan náà, tí á sì máa tà á ní owó pọ́ọ́kú lẹ́bàá ọ̀nà? Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè yẹn kí ẹ tó yọ owó.

Ìdáhùn rẹ̀ ò le. Irú iyùn mìíràn wà tí òyìnbó ń pè ní bamboo coral, torí pé ó ní oríkèé bí ọparun. Èmi ń pè é ní iyùn ọparun. Funfun ni, tàbí kó rí bí eérú. Ó pọ̀ ju ti Mẹditaréníà lọ, ó sì tóbi jù ú lọ. Wọ́n á gé e, wọ́n á dán an, wọ́n á rì í sínú aró pupa títí yóò fi mu ún. Ẹ ṣé ẹ rí i, iyùn ni lóòótọ́. Ẹni tó tà á fún yín tó ní “iyùn ni o” ò parọ́ síbẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ni kì í ṣe tirẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin kan gbé léèsì funfun wá sọ́dọ̀ mi nínú ọ̀rá. Aṣọ tí ọmọ rẹ̀ wọ̀ níbi ìdána ni. Gbogbo ọrùn aṣọ náà ló pọ́n yíká. Òòrùn mú lọ́jọ́ náà, ọmọ làágùn, iyùn ọrùn rẹ̀ sì tu gbogbo aró sára léèsì kí wọ́n tó gbé apá ìyàwó jókòó. Ó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé iyùn máa ń ṣẹ̀jẹ̀ ni?” Èsúsú odindi ọdún kan ló fi ra iyùn ọ̀hún. Orúkọ ẹni tó tà á fún un ò sí lẹ́nu mi. Ohun tó dùn mí jù ni pé obìnrin náà ò kàn lọ rà á bẹ́ẹ̀ o. Ó dán an wò. Ó ní òun gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tutù. Òun gbé e lọ́wọ́, ó wúwo. Òun tilẹ̀ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, ó hó.

Gbogbo ohun tó ṣe yẹn la máa ń ṣe lọ́jà, wọn ò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí wọ́n lè sọ fún wa àti ohun tí wọn ò lè sọ. Rọ́bà kì í wúwo, kì í sì í pẹ́ gbóná lọ́wọ́. Nítorí náà, tútù àti wíwúwo ń lé rọ́bà jáde. Dígí náà tutù, ó wúwo, ṣùgbọ́n omi ọsàn ò lè mú un hó, ẹ sì tún lè rí ihò afẹ́fẹ́ róbótó nínú rẹ̀ bí ẹ bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ó dáa. Rọ́bà ti lọ, dígí ti lọ. Iyùn ọparun tí wọ́n pa láró wá ńkọ́? Ó tutù bí iyùn, ó wúwo bí iyùn, omi ọsàn á mú un hó bí iyùn, torí iyùn ni! Ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa yege. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú wa. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má kán omi ọsàn sí iyùn ẹlẹ́ni mọ́, ó ń jẹ ojú rẹ̀ ni, dídán rẹ̀ ò ní padà. Ẹ má sì fi iná ṣáná sí i.

Inú ihò ni kí ẹ wò. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kékeré àti gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù ń lò, kò wọ́n. Ẹ wo ẹnu ihò tí wọ́n gba okùn kọjá, kí ẹ wò ó wọ inú lọ. Iyùn Mẹditaréníà tó pọ́n látinú wá, bí ara rẹ̀ ṣe pọ́n náà ni inú ihò rẹ̀ ṣe máa pọ́n, torí ẹ̀dá tó kọ́ ọ ló fi pupa sí i bó ṣe ń kọ́ ọ. Èyí tí wọ́n pa láró, ọ̀kan nínú nǹkan méjì lẹ máa rí. Bó bá jẹ́ pé wọ́n pa á láró kí wọ́n tó lu ú, inú ihò á funfun tàbí kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n lu ú kí wọ́n tó pa á láró, aró á kóra jọ sí ẹnu ihò, ibẹ̀ á pọ́n ju ara rẹ̀ lọ. Ẹ wo okùn náà. Okùn tó ti pọ́n lábẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ti jẹ́rìí kí ẹ tó bi í.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ara rẹ̀. Ìlà tín-ín-rín wà lára iyùn Mẹditaréníà, ó wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán ò fi ní tètè rí i. Ìlà ara iyùn ọparun fẹ̀ jù ú lọ, aró sì máa ń jókòó sínú rẹ̀ bí ìdọ̀tí ṣe ń jókòó sínú èékánná.

Bí ọkàn yín ò bá tíì balẹ̀, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ olọ́jà, kí ẹ fi òwú tín-ín-rín kan omi tí a fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì, kí ẹ fi nu ẹnu ihò ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni o. Bí òwú bá pọ́n, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n bí òwú bá funfun, ọ̀rọ̀ ò tíì parí, torí àwọn kan máa ń fi ohun dídán bo aró mọ́lẹ̀ tí kò fi ní jáde. Olọ́jà tó bá ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, tí kò sì sọ ìdí kankan, èmi ò ní bá a ná an mọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kí n má bàa ṣi yín lọ́nà. Irú iyùn kan ń wá láti òkun Japan, ó pọ́n gidi, ó sì wọ́n ju ti Ítálì mìíràn lọ, ṣùgbọ́n funfun máa ń wà láàárín rẹ̀ látinú òkun wá. Nítorí náà, funfun nínú ihò nìkan ò tó láti pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ẹ pa gbogbo àmì pọ̀. Bí owó bá sì pọ̀ tó owó ilẹ̀, ilé àyẹ̀wò òkúta iyebíye ló lè fi ẹ̀rọ wo àwọ̀ náà bóyá ti ẹ̀dá inú òkun ni tàbí ti aró.

Péálì náà ò yàtọ̀ púpọ̀, kíá ni mo máa kọjá níbẹ̀. Péálì lè ní àwọ̀ tirẹ̀. Àwọn tó dúdú wà láti ìhà Tahiti, àwọn tó pọ́n bí góòlù wà láti Philippines, Indonesia àti Australia. Ti odò Ṣáínà sì máa ń funfun, tàbí kó rí bí àwọ̀ pínkì tàbí àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tí wọ́n bá ní ti odò Ṣáínà ni, tó sì dúdú bí èédú, ọwọ́ èèyàn ló sọ ọ́ di dúdú. Dúdú ti Tahiti gan-an kì í ṣe dúdú lásán. Bí ẹ bá yí i, ewéko á jáde nínú rẹ̀, eérú á jáde, àlùkò á jáde. Péálì àádọ́ta lórí okùn kan tí àwọ̀ wọn ò fi orí abẹ́rẹ́ yàtọ̀ síra, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ihò àti okùn náà lẹ máa wò.

Mi ò ní kí ẹ má ta èyí tí wọ́n pa láró. Èmi náà ń tà á. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ò lágbára ti Ítálì gbọ́dọ̀ rí nǹkan lò lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó sì máa ń yọ nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n mo máa ń sọ fún un pé aró ni, kó má fọ́n lọ́fínńdà sí i, kó má sá a sóòrùn, kó sì fi aṣọ tẹ́ abẹ́ rẹ̀ bó bá ń wọ funfun. Mo sì ń kọ ọ́ sórí rìsíìtì: “iyùn ọparun, a pa á láró.” Ohun tí mo fẹ́ bẹ ìgbìmọ̀ nìyẹn, pé kí ẹ̀yáwó tó bá jẹ́ ti iyùn máa ní irú rìsíìtì bẹ́ẹ̀ lára ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń tà ò ní kọ̀ láti kọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ jogún iyùn ìyá yín, ẹ má sáré. Iyùn ojúlówó tó ti pẹ́ nínú òógùn àti lọ́fínńdà máa ń ṣú, ó tilẹ̀ lè funfun lójú. Òógùn ló jẹ ojú rẹ̀ bí omi ọsàn ṣe ń jẹ ẹ́, kì í ṣe aró ló ṣí. Ẹ má tìtorí ẹ̀ fún ọmọdé ṣeré. Aṣọ rírọ̀ tí a fi omi lásán rẹ díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún. Bí wọ́n bá tún un dán, pupa rẹ̀ á tún yọ, nítorí ó wà nínú.

Fọ́nrán mẹ́ta ló wà lórí tábìlì yìí: rọ́bà, iyùn ọparun tí wọ́n pa láró, àti ti Ítálì tí mo yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Tọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, òwú náà wà. Ẹ máa bọ̀ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ kí ẹ wá wò wọ́n fúnra yín. Ti Ítálì nìkan ni kí ẹ má fi òwú kàn o, ẹ̀gbọ́n mi wà ní ìjókòó.