Orúkọ Àwọn Ohun Inú Eré Ìtàgé

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ ní Ìtapàjí yìí ni ti orúkọ tí ó yẹ kí a máa pe àwọn ohun inú eré, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ láti di olùkọ́ rò pé inú ọkọ̀ òkun ni eré ti bọ́ sí ilẹ̀ Yorùbá.

Ní oṣù Kejì ọdún 1826, Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, wo eré kan níwájú Aláàfin ní Ọ̀yọ́ Ilé, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé apá mẹ́ta ni ó ní. Ní apá kìíní, àwọn tí ó wọ inú àpò ń jó, wọ́n sì ń tàkìtì. Ní apá kejì, a mú erè ńlá kan. Ní apá kẹta, a fi òyìnbó fúnra rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀, òtútù ń pa á, ó ń fín aáṣà, ó sì ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. Láàárín apá kan sí èkejì, àwọn ayaba ń kọrin, àwùjọ sì ń gbè é. (Kí ó má ṣe ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé àlùfáà ni ó ń ròyìn eégún aláré, ẹ̀kọ́ ni a ń wá.)

Nítorí náà, apá ni kí a máa pe ìpín ńlá inú eré. Bí ibi tàbí àkókò bá yí padà nínú apá kan, ìran ni. Àwọn tí ń gba orin ni elégbè. Ẹni tí ń ṣeré ni òṣèré, ẹni tí ó ń fi ara rẹ̀ ṣe ni ẹ̀dá ìtàn: nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì wa, ṣe Lánkẹ́ Ọ̀mùtí ní Ìbàdàn ní 1963, òun ni òṣèré, Lánkẹ́ ni ẹ̀dá ìtàn. Bí ẹ̀dá ìtàn bá ń dá sọ èrò ọkàn rẹ̀ jáde, àdásọ ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ọmọ ti ń kọsẹ̀ jù ni orí ìtàgé gan-an. Inú agbo ni àwọn aláré àtijọ́ ń ṣeré, òǹwòran yí wọn ká, kò sì sí aṣọ ìkélé. Ojú gbogbo ènìyàn ni eégún ti ń yí agọ̀ rẹ̀ po di ẹranko. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé eré ìjọ rẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn Glover ní Èkó ní oṣù Kẹfà 1944, òǹwòran ti wà ní iwájú nìkan. Láti ìgbà náà ni a ti nílò ọ̀tún àti òsì. Ọ̀tún ìtàgé ni ọ̀tún òṣèré tí ó kọjú sí òǹwòran, kì í ṣe ọ̀tún ẹni tí ó jókòó. Òkè ìtàgé sì ni ẹ̀yìn, ìsàlẹ̀ ni ìhà ọ̀dọ̀ òǹwòran, nítorí pé ìtàgé àtijọ́ ní ilẹ̀ òyìnbó dagun: ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju iwájú lọ.

Ibi tí òṣèré ń dúró sí kí ó tó jáde, “ẹ̀gbẹ́ ìtàgé” ni mo ń pè é, kò sì tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Olóyè tí ó bá mọ orúkọ tí àwọn aláré ìlú rẹ̀ ń pe irú ibẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí akọ̀wé Ẹgbẹ́.